Owó ò sọnù, agogo ló yí: bí ẹ ṣe lè tún rìpọ́ọ̀tù ọjà yín ṣe nígbà tí òyìnbó bá ṣún agogo wọn

Ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àǹtí mi pè mí láàárọ̀ kùtù pé kí n máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kíákíá, owó ń sọnù. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti ń di gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wa ní London àti Houston, orí wẹ́ẹ̀bù làwọn kọ́sítọ́mà ti ń sanwó. Nígbà tí mo débẹ̀ wọ́n ti tẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì, ọ̀kan rìpọ́ọ̀tù wẹ́ẹ̀bù, ọ̀kan àkọsílẹ̀ báńkì, ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣe àkáǹtì sì jókòó sí kọ̀rọ̀ tó ń sunkún, torí wọ́n ti bi í ní ìbéèrè tí kò dùn ún gbọ́ létí. Àǹtí mi ní, "Wò ó fúnra ẹ. Wẹ́ẹ̀bù ní ọ́dà mọ́kànlá ló wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, báńkì ní mẹ́jọ. Mẹ́ta dà?"

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo Túsìdeè náà." A wo Túsìdeè, báńkì ló wá fi méjì ju wẹ́ẹ̀bù lọ. Mo ní ṣé ẹ rí i, olè tó bá jí owó lọ́jọ́ Mọ́ńdè kì í gbé e padà wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Nígbà tá a wá tú ọ́dà mẹ́ta yẹn wò, agogo méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kọjá méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n sanwó, Houston ni gbogbo wọn wà, níbi tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti ń lù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ dé. Báńkì wa kà á sí Túsìdeè torí òru Túsìdeè ni lọ́dọ̀ wa lóòótọ́, àmọ́ wẹ́ẹ̀bù yẹn agogo London ló ń lò, ní London aago mọ́kànlá alẹ́ Mọ́ńdè ló ṣì jẹ́. Ó tán. Wọ́n bẹ ọmọ náà, ó sì gbà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíì ni mo ṣe jókòó kọ gbogbo èyí.

Ohun tó fà á nìyí. Ìlú tó jìnnà sí ìlà àárín ayé (equator), ọ̀sán wọn máa ń gùn gan-an nígbà ooru, tó bá di ìgbà òtútù ilẹ̀ á tètè ṣú, ni wọ́n bá ń ṣún agogo síwájú ní wákàtí kan kí wọ́n lè rí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ lò. Jámánì ló kọ́kọ́ fi ṣe òfin fún gbogbo orílẹ̀-èdè ẹ̀ lọ́dún 1916, nígbà ogun, Bìrìtìkó tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn náà. Lọ́dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú níbí ojúmọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti January dé December, a ò nílò ẹ̀, agogo wa fi wákàtí kan ṣáájú agogo Greenwich, ìyẹn agogo tí London ń lò nígbà òtútù, látọdún 1919 ó sì dúró síbẹ̀. Tiwọn ló ń rìn. Ní Bìrìtìkó àti Yúróòpù, Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta ni wọ́n ń ṣún un síwájú, Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá ni wọ́n ń dá a padà. Amẹ́ríkà ní tiẹ̀, láti 2007, Sọ́ńdè kejì oṣù kẹta ni wọ́n ń ṣún un, Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá ni wọ́n ń dá a padà. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ tiwọn ò papọ̀, torí náà ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta wà nínú oṣù kẹta, ọ̀sẹ̀ kan sì wà ní ìparí oṣù kẹwàá, tí ìyàtọ̀ tí ẹ ti há sórí láàárín London àti New York máa yí padà fúngbà díẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ìgbà wo ni àṣìṣe yìí bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn yẹn nìkan á ti sọ ibi tí ẹ máa wò. Tó bá jẹ́ pé láti ìparí oṣù kẹwàá títí wọ ìparí oṣù kẹta ni wákàtí kan ń dín, tó wá lọ fúnra ẹ̀, agogo London ló wà níbìkan nínú iṣẹ́ yín, torí nígbà ooru agogo London àti tiwa dọ́gba pátápátá, àṣìṣe yẹn á sá pamọ́ fún oṣù méje. Tó bá jẹ́ òdìkejì, tí wákàtí kan ń lé láti ìparí oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹwàá, agogo Berlin tàbí Paris lẹ fi sí i, torí àwọn yẹn bá wa dọ́gba nígbà òtútù. Tó bá jẹ́ wákàtí márùn-ún lóṣù keje tó wá di mẹ́fà lóṣù kejìlá, New York ni. Tó bá wá jẹ́ wákàtí kan ló ń dín látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin ọdún láìyí padà, ẹ má dá ṣíṣún agogo lẹ́bi rárá, agogo UTC ni ẹ̀rọ yẹn ń kà, ìyẹn agogo tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, kò mọ ooru kò mọ òtútù.

Ìdí tí àǹtí mi ò fi rí àṣìṣe yìí tẹ́lẹ̀ nìyẹn o. Ìgbà tí ọjà wọn máa ń gbóná jù ni àsìkò Ojúde Ọba, tó jẹ́ ọjọ́ kẹta Iléyá, lọ́dún 2024 àti 2025 inú oṣù kẹfà ló bọ́ sí méjèèjì, agogo London àti ti Ìjẹ̀bú-Òde sì jẹ́ ọ̀kan náà lásìkò yẹn. Wẹ́ẹ̀bù àti báńkì bára mu rẹ́gírẹ́gí, gbogbo wa rò pé iṣẹ́ náà dáa. Kò dáa, a kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Ó yá, bí ẹ ṣe máa wá a rèé. Ẹ mú ọ́dà kan ṣoṣo, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan, kó jẹ́ èyí tó wọlé láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago méjì òru, kí ẹ tọpasẹ̀ ẹ̀ láti ilé dé oko. Ẹ kọ agogo tó wà lórí álátì báńkì sílẹ̀, ẹ kọ èyí tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù, èyí tó wà nínú fáìlì tí ẹ dáúnlóòdù, èyí tó hàn nígbà tí ẹ ṣí fáìlì yẹn nínú Excel, àti èyí tó wà lórí rìpọ́ọ̀tù tí ọ̀gá ń wò. Ẹ máa rí ibi tó ti yí, nítorí á bára mu títí á fi dé ibì kan tá á fò ní wákàtí kan. Ibẹ̀ gan-an lẹ máa tún ṣe, ẹ má tún ibòmíì ṣe. Mo ti rí ẹni tó fi wákàtí kan kún un nínú Excel, tí ẹlòmíì tún lọ fi wákàtí kan kún un nínú rìpọ́ọ̀tù, ó wá di wákàtí méjì, àwọn méjèèjì sì ń bínú síra wọn.

Nígbà tí ẹ bá ń wo fáìlì, ẹ wo ìdí agogo náà. Tí lẹ́tà Z bá wà níbẹ̀, bíi 2025-10-27T23:10:00Z, UTC nìyẹn, ẹ fi wákàtí kan kún un kó tó di tiwa. Tó bá jẹ́ +01:00 ló wà níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra, torí +01:00 lè jẹ́ Èkó, ó lè jẹ́ London nígbà ooru, ó lè jẹ́ Berlin nígbà òtútù, iye yẹn ò sọ ilé ẹni tó ti wá. Tí kò bá sí nǹkankan nídìí ẹ̀, ẹ má méfò, ẹ lọ wo sẹ́tìn ibi tí fáìlì náà ti jáde.

Láptọ́ọ̀pù ni ká kọ́kọ́ mú, torí òun ló wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Ṣágámù tó ń ta obì ní àpò-àpò, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni wọ́n fi ń tẹ rìsíìtì. Bó ṣe ti Jámánì dé náà ni wọ́n ṣe ń lò ó, agogo ẹ̀ wà lórí Amsterdam, Berlin, Bern, Rome, Stockholm, Vienna, wọ́n sì wò ó pé UTC+01:00 ni Nàìjíríà náà, wọ́n ní ó ti tó. Lóṣù kejìlá lóòótọ́ ó tó. Nígbà tó di 30 oṣù kẹta, 2025, agogo láptọ́ọ̀pù fò síwájú, ọmọ iṣẹ́ kan rí i pé ó yàtọ̀ sí ti fóònù òun, ó fọwọ́ yí i padà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nígbà tí wọ́n tan dátà láptọ́ọ̀pù yẹn lọ bá íntánẹ́ẹ̀tì ó sì tún fò padà, ọmọ tún yí i. Báyìí ni ìdajì rìsíìtì fi tọ̀nà tí ìdajì ò tọ̀nà, tí òfàtáìmù àwọn tó ń kó ẹrù sí mọ́tò, tí wọ́n ń kà láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wá dàrú. Èyí le ju ti àǹtí mi lọ, nítorí tirẹ̀ ṣì wà létòlétò.

Torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ yí agogo rárá. Ìlú ni kí ẹ yí. Lórí Windows ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Time & language, lẹ́yìn náà Date & time, níbi Time zone ẹ wá èyí tó jẹ́ (UTC+01:00) West Central Africa, òun ni tiwa, òun nìkan ni kì í rìn nínú àwọn UTC+01:00 tó wọ́pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá tẹ Sync now kí agogo lè gba wákàtí tó tọ̀nà láti íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí tí fífi ọwọ́ yí i ò fi dáa ni pé kọ̀ǹpútà ní agogo UTC kan lábẹ́ èyí tí ẹ ń rí, tí ẹ bá fọwọ́ ṣún èyí tí ẹ ń rí láìyí ìlú, ti abẹ́ yẹn lẹ bàjẹ́, gbogbo nǹkan tó bá fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì á gbé irọ́ lọ. Ẹ wo gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù o, kì í ṣe ti ọ̀gá nìkan.

Tó bá jẹ́ wẹ́ẹ̀bù, bíi WordPress, Settings, General, Timezone, ẹ mú Lagos níbẹ̀. Ó tún lè gbà yín láyè láti mú UTC+1, fún àwa ìyẹn ò burú torí agogo wa kì í rìn, àmọ́ tí ẹ bá ní ẹ̀ka ní London ẹ ò gbọ́dọ̀ mú nọ́ńbà fún wọn láé, orúkọ ìlú ni kí ẹ mú, nítorí orúkọ ìlú mọ ìgbà tó yẹ kó ṣún, nọ́ńbà ò mọ nǹkankan. Kí ẹ tó yí i, ẹ dáúnlóòdù gbogbo ọ́dà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ ná, torí áàpù kan á yí ti àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun, òmíì ò ní yí ti àtijọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ lè fi wéra. Google Analytics, tó ń ka àwọn tó ń wọ wẹ́ẹ̀bù yín, ní tiẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá yí i sí iwájú nìkan ló máa yí, ti ẹ̀yìn á dúró bó ṣe wà.

Google Sheets ló máa ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní agogo tiẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà yín ló ń tẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ àbúrò yín tó wà ní London ló dá fáìlì náà sílẹ̀ tó wá fi ránṣẹ́ sí yín, agogo London ló ṣeé ṣe kó wà nínú ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìpẹru ń tẹ ọjà wọ inú ẹ̀, NOW(), ìyẹn fọ́múlà tó ń sọ agogo ìsinsìnyí, ń fún yín ní agogo London. File, Settings, ẹ wá agogo Lagos síbẹ̀, ẹ sì sọ fún àbúrò yín pé ẹ ti yí i kó má lọ rò pé ẹnìkan ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Àwọn ohun tó ti wọlé sẹ́yìn ńkọ́? Èyí ló gba sùúrù. Excel ò mọ ìlú rárá, nọ́ńbà lásán ni agogo jẹ́ lójú ẹ̀, ọjọ́ kan jẹ́ 1, wákàtí kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún. Torí náà ẹ ò lè sọ fún un pé London ni, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é. Ẹ má fi wákàtí kan kún gbogbo ìlà, ti ìgbà ooru tọ̀nà tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá fi kún un ẹ ti ba á jẹ́ nìyẹn. Ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má pa á rẹ́, ẹ ṣí kọ́lọ́ọ̀mù tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ pè é ní agogo Lagos, ẹ wá kọ èyí síbẹ̀, tó bá jẹ́ pé agogo London ló wà ní A2:

=IF(AND(A2>=DATE(2025,10,26)+TIME(2,0,0),A2<DATE(2026,3,29)+TIME(1,0,0)),A2+TIME(1,0,0),A2)

Ohun tó ń sọ ni pé láti aago méjì òru Sọ́ńdè 26 oṣù kẹwàá 2025, títí di aago kan òru Sọ́ńdè 29 oṣù kẹta 2026, fi wákàtí kan kún un, èyí tó bá kù fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá fi kọ́lọ́ọ̀mù tuntun yẹn pín ọjà sí ọjọ́-ọjọ́. Àǹtí mi jókòó tì mí nígbà tí mo ń ṣe é, nígbà tí Mọ́ńdè di mẹ́jọ lápá méjèèjì wọ́n mí kanlẹ̀.

Wákàtí kan ṣoṣo ni fọ́múlà yìí ò lè yanjú. Ní òru ọjọ́ tí wọ́n dá agogo padà ní London, aago kan sí aago méjì máa ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì, tí aago méjì bá fẹ́ lù yóò padà di aago kan. Ọ́dà tó bá ní 1:30 lórí, kò sí bí ẹ ṣe lè fi ojú mọ̀ bóyá ti àkọ́kọ́ ni tàbí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nọ́ńbà ọ́dà ni kí ẹ wò, òun kì í padà sẹ́yìn, tí ọ́dà 1:10 bá tẹ̀ lé ọ́dà 1:50, ẹ ti mọ ibi tí wọ́n ti yí i nìyẹn, èyí tó wà lẹ́yìn lẹ máa fi wákàtí kan kún. Tí nọ́ńbà ò bá là á, álátì báńkì á là á. Ní oṣù kẹta ẹ̀wẹ̀, aago kan sí aago méjì yẹn ò sí rárá, tí ẹ bá rí ọ́dà tó ní 1:30 London ní 29 oṣù kẹta 2026, agogo ẹ̀rọ tó kọ ọ́ ò tọ̀nà. Ọjọ́ yẹn wákàtí mẹ́tàlélógún ni, ti oṣù kẹwàá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹni tó bá ń pín ọjà ọjọ́ kan sí mẹ́rìnlélógún láti mọ iye tí wákàtí kan ń mú wọlé, kó fi ọjọ́ méjèèjì yẹn sápá kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ áàpù fún àwọn oníṣòwò, ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìlíṣàn, níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ ṣàánú wa, ẹ fi UTC pamọ́ sínú dátábéèsì, kí ẹ fi orúkọ ìlú pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Africa/Lagos, Europe/London, America/Chicago fún Houston, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi hàn èèyàn ni kí ẹ tó yí i padà. PostgreSQL mọ orúkọ yẹn dáadáa. SQL Server láti 2016 ní AT TIME ZONE, àmọ́ orúkọ ti Windows ló ń lò, tiwa ni W. Central Africa Standard Time, London ń jẹ́ GMT Standard Time, bó sì ṣe ń jẹ́ GMT yẹn ó ń ṣún nígbà ooru, kí orúkọ má tàn yín. MySQL ní CONVERT_TZ, tó bá ń fún yín ní NULL, tábìlì táìmù sóònù ni ẹ ò tíì kó sínú ẹ̀. Kí ẹ sì máa ṣe àpúdéètì, torí ìjọba ń yí òfin yìí nígbàkígbà: Mẹ́síkò fòpin sí i ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn lọ́dún 2022, Íjíbítì tún dá a padà lọ́dún 2023. Áàpù tí wọn ò ṣe àpúdéètì ẹ̀ láti 2021 ò lè mọ̀.

Àwọn rìpọ́ọ̀tù tó ń jáde fúnra wọn lóru náà ńkọ́? Tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé rìpọ́ọ̀tù yẹn jáde, bá wà lórí agogo London tí ẹ sì ní kó máa ṣiṣẹ́ ní 1:30 òru, ní oṣù kẹta ó lè fò ọjọ́ kan, ní oṣù kẹwàá ó lè jáde lẹ́ẹ̀mejì, tó bá jẹ́ irú èyí tó ń fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà ẹ ti mọ wàhálà tó wà níbẹ̀. Ẹ gbé e kúrò láàárín aago kan sí aago mẹ́ta òru, tàbí kí ẹ gbé sáfà sórí UTC. Power BI, áàpù Microsoft tí wọ́n fi ń ṣe rìpọ́ọ̀tù, sì tún rèé, tí rìpọ́ọ̀tù bá tọ̀nà lórí láptọ́ọ̀pù yín tí kò tọ̀nà tí ẹ bá gbé e sókè sórí íntánẹ́ẹ̀tì, TODAY() àti NOW() lókè níbẹ̀ UTC ni wọ́n ń kà, láàárín agogo méjìlá òru sí aago kan "òní" á ṣì máa jẹ́ àná. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ooru àti òtútù, àmọ́ ó jọ ọ́, mo ti rí àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ kan wá a níbi tí kò sí.

Fún 2026, àwọn Sọ́ńdè tí ẹ máa kọ sórí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀bù nìwọ̀nyí: 8 oṣù kẹta fún Amẹ́ríkà, 29 oṣù kẹta fún London àti Yúróòpù, 25 oṣù kẹwàá fún London àti Yúróòpù, 1 oṣù kọkànlá fún Amẹ́ríkà. Àǹtí mi ti fi bírò pupa yí wọn ká. Láàárọ̀ Túsìdeè tó bá tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin yẹn á mú ọ́dà kan tó wọlé lóru, á fi álátì báńkì, wẹ́ẹ̀bù àti rìpọ́ọ̀tù wé ara wọn, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lórí gbogbo rìpọ́ọ̀tù tó bá tẹ̀ jáde báyìí, lábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀: agogo Lagos, ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 12:00 òru, ó parí ní 12:00 òru.